Iná Pupa Ẹ̀yìn Alùpùpù Ọkọ Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti lọ́kọ! Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ kí ojú mi lè rí i dáadáa: mo ti lọ́kọ, Bàbá. Wọ́n so yìgì wa ní mọ́sáláásí tó wà lẹ́yìn ilé àwọn ọkọ mi ní àdúgbò Mamobi, ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ló sì dúró nípò yín. Nígbà tí ààfáà béèrè ẹni tó fi mí fọ́kọ, tí wọ́n dáhùn pé àwọn ni, ṣe ni mo tẹrí ba, tí mò ń wo bàtà àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé màá rí tiyín láàárín wọn, èyí tí epo ẹ́ńjìnnì ti sọ di dúdú. Mi ò rí i. Síbẹ̀, inú mi dùn! Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun, mò ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìwẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń fọ àwo, bí ọkọ mi bá sì ti jáde lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti ń tẹ́tí sí ìró alùpùpù rẹ̀ pé ó ń padà bọ̀, nígbà tí kò tíì dé ìdajì ọ̀nà àlọ.

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó ń dùn mí pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mùfútàù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni bíi tiwa, ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí i sí bí wọ́n ṣe bí èmi náà, akọ̀wé sì ni ní ilé iṣẹ́ kan ní èbúté Tema. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, níbi tí mo ti ń bá wọn tajà, ni a ti pàdé, lẹ́yìn tí ẹ ti lọ. Káàdì fóònù ló ń wá rà. Ó rà á láàárọ̀, ó rà á lọ́sàn-án, ó tún padà wá nírọ̀lẹ́, títí Àǹtí fi bi í pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé káàdì lo fi ń jẹ kẹ́ńkẹ́ ni?" Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ yẹn, Bàbá, òun ló kó mi dé ilé yìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé sí yín. Ojú ló ń tì mí. Ojú ń tì mí débi pé mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún látòkè délẹ̀ àfi ẹ̀yin, torí ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Ìyá ọkọ mi, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ń ta aṣọ òkìrìkà lọ́jà Kantamanto. Ohùn wọn tóbi ju ara wọn lọ. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, wọ́n gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú pẹ̀lú làálì tó wà lára rẹ̀, wọ́n gbé e sókè fún àwọn obìnrin tó kún inú àgbàlá. "Ẹ wo ọwọ́ ìyàwó wa! Ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ọmọ mi, o ò ní ṣiṣẹ́ tó le nínú ilé yìí o." Gbogbo wọn ṣe àmín. Wọ́n mọ̀ pé fítà tó ń tún alùpùpù ṣe ni yín, Bàbá, mi ò fi ìyẹn pa mọ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi náà á wọ aṣọ iṣẹ́, pé ọwọ́ rírọ̀ yìí ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ rí, ó sì tò ó padà. Ẹnu mi ni ó yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyìn náà dùn létí mi. Mo wolẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń ṣe, mo dákẹ́.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí sípánà kí ẹ tó dá a padà sínú àpótí, bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná? Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ tèmi? Bí ẹ bá ti lè fọwọ́ kan bíréèkì báyìí, ẹ ò ní jẹ́ kí ẹni tó ni alùpùpù náà lọ àfi tí mo bá ti lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, màá pariwo pé, "Ó tàn!" Ẹ ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, màá pariwo pé, "Ó kú!" Oníbàárà á máa bínú pé òun ń kánjú. Ẹ ò ní dá a lóhùn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe.

Ọkọ mi máa ń ráhùn pé ọrùn ẹsẹ̀ ń dun òun bí òun bá ti Tema dé. Mo wo irin bíréèkì tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀, mo rí i pé ó ga jù fún un. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó wa, gbogbo ilé lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Nima, wọ́n ní kí n dúró ti ọbẹ̀ lórí iná. Inú mi dùn pé mo máa ṣe ohun kékeré kan fún ọkọ mi tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀! Mo fi rọ́bà dúdú tí wọ́n fi ń di nǹkan lọ́jà wé ọwọ́ mi méjèèjì kí làálì mi má bàa bàjẹ́, mo mú sípánà lábẹ́ ìjókòó alùpùpù náà, mo tú bóòtù tó gbé irin náà dúró, mo sọ irin náà kalẹ̀ díẹ̀, mo sì ń dì í padà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́nu géètì. Bàbá, mo sáré! Mo ju rọ́bà sínú iná, mo dúró ti ìkòkò, mò ń ro ọbẹ̀ bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀. Mi ò lóṣòó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé bí irin bá ti wálẹ̀, á fa sípíríǹgì tó so mọ́ súwíìṣì iná, iná á sì rò pé ẹnì kan ń tẹ bíréèkì. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ayọ̀ àti làálì ló jẹ́ kí n gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, Wáídì gun alùpùpù náà lọ dá àwọn ìkòkò tí wọ́n yá fún ìnáwó padà. Àbúrò ọkọ mi ni Wáídì, ẹgbẹ́ mi ló jẹ́ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n torí pé ó ti wà nílé kí n tó dé, Bọ̀dá Wáídì ni mò ń pè é, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Aláwàdà ni, ẹlẹ́rìn-ín. Màmá ti ṣèlérí pé bí ó bá lè tọ́jú alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, àwọn á ra tirẹ̀ fún un kó lè máa bá àwọn oníbàárà gbé ẹrù láti Kantamanto kiri ìlú. Ó ti lọ ra akoto àwọn ọlọ́kadà sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó máa ń dé e mu ẹ̀kọ kòkó láàárọ̀. Mo ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi nítorí akoto yẹn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkọ mi tẹ bíréèkì nínú àgbàlá, ó ní ẹsẹ̀ òun bá a mu gan-an lónìí, pé ìgbéyàwó ti tún ọrùn ẹsẹ̀ òun ṣe. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó wá bojú wẹ̀yìn. "Ẹi! Kí ló dé tí iná yìí ò kú? Wáídì! Kí lo ṣe sí màṣíìnì mi?"

Wáídì jáde pẹ̀lú akoto lórí. "Wàláhì, mi ò ṣe nǹkan kan. Mo gùn ún lọ, mo gùn ún bọ̀."

Màmá ti ń bọ̀ láti yàrá. "Ìgbà wo ni nǹkan tí o fọwọ́ kàn ò bàjẹ́? Ṣé bí o ṣe pa rédíò mi náà nìyẹn?"

"Màmá, rédíò yẹn ti kú kí ẹ tó bí mi."

"Òun náà ló ń dá mi lóhùn yẹn! Yọ akoto lórí kí n tó gbá ọ létí."

Mo gbé abọ́ àkàrà kósè dání. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù: èmi ni. Mi ò sọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé bí ilé bá ti dá, màá tún un ṣe ní ìdákẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ á parí. Àmọ́ ta ni í fi ìyàwó tuntun sílẹ̀ lóun nìkan? Bí ẹni kan ò bá wá kí mi, ẹlòmíràn á wá wo làálì mi. Ọkọ mi ní òun á gbé e lọ fún fítà lópin ọ̀sẹ̀, ó sì ń gùn ún lọ sí Tema bẹ́ẹ̀, iná pupa lẹ́yìn rẹ̀ láti Mamobi dé èbúté. Mò ń juwọ́ sí i láàárọ̀. Mò ń juwọ́, Bàbá, mo sì ń rí iná yẹn bó ṣe ń jìnnà lọ.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, àwọn obìnrin aláàárù fẹ́ sọdá títì, ọkọ mi sì dẹsẹ̀ dúró fún wọn. Takisí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò dúró, ó kọ lù ú. Awakọ̀ náà ló gbé òun àti alùpùpù wá sílé fúnra rẹ̀, tí òógùn bò ó, tí ó ń pariwo kó tó bọ́ sílẹ̀. "Màámi, ẹ wò ó fúnra yín! Iná yìí pupa láti ìgbà tí mo ti bá a lójú ọ̀nà, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti dúró?" Orúnkún ọkọ mi bó, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wú. Kò ṣẹ́ egungun kankan. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti inú takisí kí ẹ̀rù má bàa bà mí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀rín yẹn.

Màmá ò bá awakọ̀ jà. Wáídì ni wọ́n kọjú sí. "O fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi. Alùpùpù tí mo sọ pé màá rà, gbàgbé rẹ̀. Mi ò ní fowó ara mi ra pósí fún ọmọ ẹlòmíràn lójú títì." Bọ̀dá Wáídì, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfèsì, kàn yí padà. Ó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí akoto náà lórí rẹ̀ mọ́.

Kí ni ẹ ò bá ti ṣe fún mi ká ní ẹ wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ò bá ti bínú? Àbí ẹ ò bá kàn ti wò mí, bí ẹ ṣe máa ń wo oníbàárà tó ń purọ́ nípa bí alùpùpù rẹ̀ ṣe bàjẹ́?

Láàárọ̀ Sátidé, mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Gbogbo wọn wà nínú àgbàlá. Mo lọ́ ìró mi mọ́ra, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, mo ní kí wọ́n bá mi mú sípánà.

"Ìyàwó wa," Màmá kígbe, "kí lo ń wá nídìí irin? Dìde kúrò níbẹ̀, aṣọ rẹ!"

Mi ò dìde. Mo kọ́kọ́ yọ wáyà súwíìṣì bíréèkì ọwọ́. Iná ò kú, torí náà kì í ṣe ti ọwọ́. Mo fi ìka gbé irin ẹsẹ̀ sókè díẹ̀; iná kú. Bí mo ti jù ú sílẹ̀, ó tún tàn. Ibi tí mo mọ̀ pé ó wà náà ló wà. Mo di ara súwíìṣì mú kó má bàa yí, mo ń fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì oníke rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí sípíríǹgì lè dẹ̀. Mo ní kí Bọ̀dá Wáídì lóṣòó sẹ́yìn kí ó máa pè é fún mi.

"Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣì wà. Ìyàwó, ó ti kú! Ó kú!"

Mo fọwọ́ tẹ irin ẹsẹ̀.

"Ó tàn!"

Mo jù ú sílẹ̀.

"Ó kú! Ẹi, chale, ìyàwó wa ti di fítà!"

Ẹ ò gbọ́ ariwo! Ọkọ mi fi ẹsẹ̀ kan jó yí mi ká. Ó ní, "O mọ iṣẹ́ yìí, o sì ń wò mí kí n máa gbówó fún fítà?" ó sì ń fi mí yangàn fún àwọn ará ilé kejì. Màmá ní kí Ọlọ́run fi àlùjánńà ṣe ilé yín, pé ọmọ tí ẹ bí kò ní kú. Gbogbo inú mi ló ń jó. Wọ́n ń dárúkọ yín nínú àgbàlá tí ẹ ò dé rí, Bàbá, èmi ni mo fà á! Nínú ariwo yẹn ni Màmá ti yíjú sí Wáídì. "Ìwọ, dọ̀bálẹ̀ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Ohun tí o bàjẹ́ ló bá ọ tún ṣe."

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó fi ẹ̀rín ṣe é, ó na ara rẹ̀ tán gbọọrọ nínú eruku níwájú mi, èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. "Ẹ ṣé o, Màdáàmù Fítà." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀, mo sì ní kó dìde, bí ẹni pé mo dárí jì í.

Mi ò tíì ṣe ohun tó burú tó ìyẹn láyé mi.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo bá Bọ̀dá Wáídì nídìí ẹ̀rọ omi níbi tó ti ń ponmi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí títí omi fi kún korobá, tó ń dà sílẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Mò ń lọ sọ fún Màmá."

"Ẹ má lọ o." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ ò tíì mọ Màmá. Tèmi ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn tipẹ́, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi, ó ti mọ́ mi lára."

"Màṣíìnì tí wọ́n fẹ́ rà fún yín ńkọ́, Bọ̀dá?"

Ó gbé korobá, ó ń lọ.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan tó kù fún yín. Ọkàn mi balẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, bí mo ṣe kúnlẹ̀ nínú omi yẹn, ọkàn mi balẹ̀ pé ó ti bá mi gbé e, pé màá ṣì máa jẹ́ ìyàwó rere. Ìyẹn ló tì mí dìde. Mo dúró títí Màmá fi kí ìrun alásàrí tán, mo pe ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ síwájú àwọn méjèèjì, mo sì sọ ọ́ láti orí irin tí mo sọ kalẹ̀ dé orí ìdọ̀bálẹ̀ tí mo gbà.

Màmá tó máa ń pariwo ò pariwo. Wọ́n ní kí n pe Wáídì wá. Ó dé, ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń wo ilẹ̀, ó ti mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé ìyá ò ní la ẹnu kó ní kí ọmọ òun má bínú. Wọ́n kàn ń wò ó. Wọ́n wá pe oríkì rẹ̀, "Àkànní," pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn. "Àkànní mi. Àkànní, ọkọ mi. Wá jókòó." Ọkùnrin gíga yẹn wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a má bàa rí i. Wọ́n ní kó múra dè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, àwọn méjèèjì jọ ń lọ wo alùpùpù kan tí ẹnì kan fẹ́ tà.

Èmi, wọ́n ní kí n lọ wo ọbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Wọ́n máa ń pè mí ní ọmọ mi ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀. Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ọkọ mi bi mí pé, "O mọ̀ láti Mọ́ńdè?" Mo ní mo mọ̀. "O ń juwọ́ sí mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ jókòó sórí àga lẹ́yìn ilé, ó na ẹsẹ̀ tó bó náà síwájú. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, mo mú òróró àti òwú, mo lọ bá a níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa lé mi. Mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu orúnkún rẹ̀. Kò wò mí. Ṣùgbọ́n kò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó ṣì fẹ́ràn yín bí ẹni pé yàrá kejì ni ẹ wà.